Kòtò Tí Kì Í Kún

Kí Ìbráhímù agbẹ́lẹ̀ tó sọ ọkọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ewé kókò ló kọ́kọ́ wò. Oṣù Ẹrẹ́nà ni. Gbogbo koríko ẹ̀yìnkùlé ti gbẹ, ilẹ̀ ti là, ṣùgbọ́n kókò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé òjò rọ̀ sí i lánàá. Ìbráhímù lóṣòó, ó bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì yíjú sí Bámgbóyè tó ni ilé.

"Lańlọ́ọ̀dù, kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

Kò sí agbẹ́lẹ̀ kan ní Ìlá Ọ̀ràngún tí kì í béèrè bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbé ọkọ́ sókè. Ilé àtijọ́ pọ̀ nínú ìlú. Ẹni tí kò bá béèrè lè gbẹ́lẹ̀ kan sàréè bàbá ẹlòmíràn. Wọ́n á béèrè, onílé á dáhùn, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí onílé bá sọ ni agbẹ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n Bámgbóyè kò mọ ìdáhùn. Ilé bàbá rẹ̀ ni, àmọ́ kékeré ló wà tí àbúrò bàbá rẹ̀ fi mú un lọ sí Èkó. Muṣin ló dàgbà sí. Ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ oníke, ibẹ̀ ló ti gbéyàwó. Inú yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, débi pé nígbà tí wọ́n já ọmọ wọn lẹ́nu ọmú, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí nílé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, tí owó ilé sì ń gorí ara wọn lọ́dọọdún, Bámgbóyè padà sí Ìlá. Ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ sídìí ọjà tó ń tà ní Èkó títí nǹkan yóò fi gún régé. Ìyá rẹ̀ ti kú kí ó tó dé. Ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Muṣin, kò mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀.

Ó wo ọmọ rẹ̀, Adétúnbọ̀, tó dúró ti òkìtì búlọ́ọ̀kù. Ọmọ náà wà ní girama, ọdún kan ló kù kí ó ṣe ìdánwò àṣekágbá.

"Ìwọ ni ìyá àgbà tọ́ dàgbà. Kí ló wà níbí?"

Adétúnbọ̀ mọ̀ ọ́n dájú.

Ojú omi ni. Kí àwọn èèyàn àdúgbò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pọnmi. Nígbà tí kànga dé, wọ́n pa ojú omi náà tì. Wọ́n kó òkúta dí i kí ọmọdé má baà kó sínú rẹ̀, Ọ̀ṣúnwùmí, ìyá àgbà, sì gbin kókò sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yéé sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ pé omi náà kò kú. Abẹ́ ilẹ̀ ló gbà, ó ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, inú kànga ilé Tíṣà Ayọ̀dèjì ló sì ń já sí. Ìdí nìyẹn tí kànga yẹn kì í fi í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìfami àwọn yòókù bá ń họ iyanrìn nísàlẹ̀. Omi ọṣẹ lásán, ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á síbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá da ìdọ̀tí sójú omi, ẹnu aládùúgbò ló dà á sí.

Bí Adétúnbọ̀ bá sọ èyí, Ìbráhímù yóò gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sí iwájú ilé, lẹ́bàá géètì. Ibì kan ṣoṣo tó kù nìyẹn tí wọ́n lè gbẹ́ kòtò ṣálángá sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí òkúta, ṣùgbọ́n kì í ṣe líle ilẹ̀ náà ló ń dààmú ọmọ náà. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti fi okùn wọn àyè yàrá kékeré kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó sì sọ fún un pé, "Tìrẹ nìyí."

"Kókò ni ìyá àgbà gbìn síbẹ̀, sà," ni Adétúnbọ̀ wí.

Kì í ṣe irọ́. Kì í sì í ṣe òtítọ́.

Ìbráhímù ń wò ó, bí ẹni tó ń retí pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Bámgbóyè rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rí i ní Èkó: ṣálángá tó bá wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ ló máa ń kún kíákíá, tí èèyàn á máa wá ẹni tí yóò kó o kiri. Èyí tó bá wà nínú ilẹ̀ tútù kì í kún, omi ilẹ̀ á máa bá onílé gbé e lọ. Ìbráhímù kò bá a jiyàn. Ó tutọ́ sọ́wọ́, ó gbé ọkọ́ sókè, ó sì fà á sínú kókò.

Ẹni tó bá ti ní yàrá tirẹ̀ láti kékeré lè má mọ ohun tí Adétúnbọ̀ ń wá. Láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ti dé sí ẹ̀yìn odi ìlú ni Ìlá ti ń fẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀. Àwọn bíríkìlà, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń se oúnjẹ tà, gbogbo wọn ń ti Ọ̀rà àti Ìrẹsì àti Ọ̀tan Ayégbajú wá nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Oko obì tó wà lọ́nà Ọ̀rà, níbi tí ìyá àgbà ti máa ń mú Adétúnbọ̀ lọ ṣa obì, ti di ilé alájà. Ẹni tó ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé ń kọ́ yàrá síbẹ̀. Ẹni tí kò ní àyè ń wó ilé ìdáná láti fi kọ́ ọ. A kò lè pè wọ́n ní èèyàn burúkú. Oko kò mówó wọlé bíi ti àtijọ́, ìlú ńlá sì ti rẹ ọ̀pọ̀ wọn débi pé wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n rí fi jẹun.

Bámgbóyè ti fi gbogbo yàrá inú ilé àtijọ́ náà háyà, àfi èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn. Pálọ̀ ni Adétúnbọ̀ ń sùn. Kò lè tẹ́ ẹní títí àwọn tó wá wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ á fi lọ tán, bí oorun bá sì ti gbé e lọ, ayálégbé kan á tan iná kọjá lórí rẹ̀ lọ síta. Kò ráyè kàwé. Ọlájídé, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ nílé kiri ìlú, kò jẹ́ kí ó gbàgbé.

"Ọlọ́dẹ pálọ̀," ni yóò máa pè é lójú gbogbo kíláàsì, "ẹ kú àìsùn o. Ṣé olè ò wá lánàá?"

Àwọn tó kù á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ibi tí Adétúnbọ̀ ti ń rí ìwé kà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà Ayọ̀dèjì, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àdúgbò náà. Ọ̀tan Ayégbajú ni Tíṣà ti ń kọ́ni, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé. Dinah, ọmọbìnrin rẹ̀, àti Adétúnbọ̀ jọ wà ní kíláàsì kan. Dinah mọ Ìṣirò ju gbogbo wọn lọ, kò sì ní sùúrù fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní àbúrò kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dàda. Irun orí rẹ̀ ti ta kókó láti inú ìyá rẹ̀ wá, kò sì tíì sẹ́ni tó fi abẹ kàn án. Iṣẹ́ tí ọmọ yìí yàn fún ara rẹ̀ ni pé bí Adétúnbọ̀ bá ti jókòó, yóò sáré lọ bu omi kànga wá fún un nínú ife, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, yóò sì dúró tì í títí yóò fi mu ún tán.

"Omi wa dùn ju píọ̀ wọ́tà lọ," ni Dàda máa ń wí.

Bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni ilé tuntun tí Bámgbóyè ń kọ́ sínú ọgbà náà fún akẹ́kọ̀ọ́ parí. Akẹ́kọ̀ọ́ kún inú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Adétúnbọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀. Ó to ìwé rẹ̀ sórí pákó tó kàn mọ́ ògiri, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí ibùsùn, kò sì ṣe nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Kò ní ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ lè tì rí. Ọlájídé pàápàá wá wò ó. Ó yẹ ibùsùn wò, ó yẹ fèrèsé wò, ó ní wọ́n ti fún ọlọ́dẹ ní ìgbéga.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Adétúnbọ̀ kó ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Dinah gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Dàda gbé omi wá. Adétúnbọ̀ gba ife náà, ó wo inú rẹ̀. Omi náà mọ́ kedere, kò rùn. Ó gbé e sílẹ̀.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Dàda ń wò ó. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé e wá, Adétúnbọ̀ tún gbé e sílẹ̀. Nígbà tí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, Dinah gbé orí sókè kúrò nínú ìwé rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀, Dàda. Ó ti di ọmọ lańlọ́ọ̀dù. Píọ̀ wọ́tà nìkan ni ọ̀fun rẹ̀ ń gbà báyìí."

Ìyá Dinah, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bú sẹ́rìn-ín. Adétúnbọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Dàda nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife náà, ó mu omi inú rẹ̀ tán lójú Adétúnbọ̀, ó sì dorí ife kodò kí ó lè rí i pé kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Adétúnbọ̀ rí ìwé kà lọ́jọ́ yẹn. Ó pinnu pé òun yóò sọ. Ọlájídé ló kọ́kọ́ bá sọ ọ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn: bí èèyàn bá mọ̀ pé ṣálángá ilé kan ń ya sínú kànga ilé mìíràn ńkọ́? Ọlájídé kò tilẹ̀ ronú kí ó tó dáhùn.

"Ta ló bi ọ́? Wo àdúgbò yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣálángá ta ni kò sí lókè kànga ẹlòmíràn? Àbí ìwọ nìkan lo fẹ́ wó ilé bàbá rẹ?"

Òótọ́ ni Ọlájídé sọ nípa àdúgbò náà. Ilé ti sún mọ́ra débi pé ohun tí ẹnì kan bá sọ nù lẹ́yìn ilé rẹ̀, iwájú ilé ẹlòmíràn ló ń bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà tu Adétúnbọ̀ lára. Ohun tí gbogbo èèyàn bá ń ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ ẹ̀ṣẹ̀ lójú ọ̀dọ́. Ó padà sílé, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ní oṣù Òkúdu, òjò rọ̀ gidigidi. Ṣálángá àwọn lańlọ́ọ̀dù mìíràn kún, ó ń ru síta, òórùn gba àdúgbò kan. Ti Bámgbóyè kò kún. Ó mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó, ó ṣí ìdérí kòtò náà, ó ń fi ọwọ́ júwe bí ó ṣe jìn tó. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Ìbráhímù lọ́jọ́ náà kí ó wá bá ọ̀kan nínú wọn gbẹ́ tuntun, òun náà sì bá wọn bẹjú wo inú kòtò.

"Akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ tó báyìí," ló wí, "ó yẹ kí ó ti kún. Ibo ló ń lọ?"

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ní bóyá áńgẹ́lì ló ń wá kó o. Bámgbóyè ní kí Ìbráhímù má bẹ̀rù, òun ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Adétúnbọ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ gbọ́ ìbéèrè náà. Ó wọlé lọ, ó fi orin sórí fóònù rẹ̀, ó sì yí i sókè.

Oṣù Agẹmọ ni ibà mú Dàda. Wọ́n ra oògùn ní kẹ́míìsì, ara rẹ̀ rọ̀, ibà náà tún padà. Kò pẹ́ tí Dinah náà dùbúlẹ̀. Nígbà tí inú Dàda bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ìyá wọn gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Nọ́ọ̀sì béèrè irú omi tí wọ́n ń mu.

Ìyá Dinah ní omi kànga àwọn ni, omi tí ìyá ọkọ òun mu títí ó fi darúgbó, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi rí. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa sè é. Ó gbà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni ẹni tí òun ṣẹ̀. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ó gbààwẹ̀. Ìyá kan ní àdúgbò ní irun orí Dàda ni, pé wọn kò ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nípa rẹ̀. Gbogbo wọn ń wá ìdí àìsàn náà kiri, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ń gbé ọsàn lọ kí àwọn aláìsàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Adétúnbọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Dàda. Ètè ọmọ náà ti bó. Ó béèrè omi. Ìyá rẹ̀ yọ ike kan jáde nínú báàgì. Omi kànga tó gbé ti ilé wá ni, nítorí Dàda kọ̀ láti mu òmíràn.

Adétúnbọ̀ lè sọ ọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ohun tó jáde ni pé òun ń lọ ra píọ̀ wọ́tà wá fún un. Nígbà tó fi padà dé, Dàda ti mu tán, ó ti sùn.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni Dàda kú. Ìfun rẹ̀ ti lu, àwọn dókítà ṣe é tì. Kí Tíṣà tó ti Ọ̀tan dé, ọmọ ti lọ. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà láìpe èrò, wọn kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ojú oórì. Dinah ṣì wà lórí ibùsùn, omi ń kán sí i lápá. Wọn kò tíì sọ fún un.

Nígbà tí òbí bá sin ọmọ, kò sí ọ̀rọ̀ ìtùnú tó ń dé ibi tó ń dùn ún. Àwọn èèyàn á wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí. Wọ́n á lọ. Bàtà ọmọ náà á wà lẹ́nu ọ̀nà, kò ní sí ẹni tí yóò lè gbé e kúrò níbẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò lè máa wò ó.

Ní ọjọ́ kejì, Adétúnbọ̀ bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń tún ilẹ̀kùn ayálégbé kan ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀. Bámgbóyè rò pé ó fẹ́ béèrè nǹkan ni.

"Dádì, ojú omi ló wà lábẹ́ kókò yẹn. Inú kànga Tíṣà ló ń lọ. Mo mọ̀ nígbà tí ẹ bi mí."

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Bámgbóyè. Ó ní kí ó tún un sọ. Ọmọ náà sọ gbogbo rẹ̀: òkúta tí wọ́n fi dí i, èèwọ̀ tí ìyá àgbà ṣe nípa rẹ̀, àti yàrá tí òun kò fẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú Bámgbóyè kúrò lára ìdérí kòtò, ó sọ̀ kalẹ̀ gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó dé orí òrùlé Tíṣà nísàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Ta ló tún mọ ibi tí omi náà ń lọ?"

"Kò sí, sà."

Bámgbóyè jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Gbogbo ohun tó kó bọ̀ láti Èkó ló ti wà nínú àwọn yàrá yẹn. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó lè jẹ́rìí ti kú, ọmọ tirẹ̀ kò sì ní sọ ọ́ bí òun bá ní kó má sọ ọ́. Ó jókòó pẹ́. Ọmọ náà kò dìde kúrò nílẹ̀.

"Dinah ńkọ́?" ni bàbá béèrè nígbẹ̀yìn.

"Wọ́n ní ó ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀, sà. Wọ́n máa tó jẹ́ kó wálé."

"Tó bá wálé, omi yẹn náà ló máa mu." Bámgbóyè dìde. "Dìde. Wọ ẹ̀wù rẹ. À ń lọ síbẹ̀."

Èèyàn kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà. Bámgbóyè ní òun fẹ́ rí tọkọtaya náà ní ìyẹ̀wù. Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, òun tó ju Tíṣà lọ lọ́jọ́ orí. Kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun gbẹ́ ilẹ̀ tí òun kò mọ ìtàn rẹ̀, agbẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ náà tutù jù, òun sì fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ìyá àgbà ṣì wà ládùúgbò tí òun ìbá béèrè lọ́wọ́ wọn, òun kò béèrè. Lẹ́yìn náà ló ní kí Adétúnbọ̀ sọ tirẹ̀.

Tíṣà fi ọwọ́ sáàárín orúnkún, ó ń gbọ́. Ìyá Dinah kò sunkún. Ó kàn ń wo ọmọ náà.

"Ìdí nìyẹn tí o ò fi mu omi wa mọ́?"

Adétúnbọ̀ kò lè gbé ojú sókè. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Obìnrin náà dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, Tíṣà ní òun ti gbọ́, kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ dí kòtò yẹn. Kò sọ pé òun dárí jì wọ́n. Wọn kò sì ní ojú láti béèrè.

Wọ́n kó kòtò náà, wọ́n dí i, wọ́n sì wó yàrá tó wà lẹ́bàá géètì kí Ìbráhímù lè gbẹ́ òmíràn síbẹ̀. Adétúnbọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi òòlù wó ògiri náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bínú kó jáde. Wolé-wolé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara kànga Tíṣà, ó sì sàmì sí ọ̀pọ̀ kànga mìíràn ní àdúgbò náà, nítorí bí Ọlájídé ṣe wí gan-an ló rí. Nígbà tí àwọn lańlọ́ọ̀dù pàdé, bàbá Ọlájídé bínú. Ó ní ṣe ni Bámgbóyè fẹ́ ba àdúgbò lórúkọ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ má wá síbẹ̀ mọ́. Bámgbóyè kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òun kò sì tíì sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Dàda. Àwọn kan gbà láti gbé ṣálángá wọn kúrò. Àwọn mìíràn kò tíì ṣe é títí di òní.

Dinah dé láti ọsibítù, ó rù, irun orí rẹ̀ ń já. Wọ́n ti ṣe ìdánwò ìparí ọdún nígbà tó wà lórí ibùsùn, nítorí náà ó tún kíláàsì náà kà. Adétúnbọ̀ lọ síwájú. Ẹni tí kò mọ Ìṣirò tó o ń múra àtiṣe ìdánwò àṣekágbá, òun tó kọ́ ọ sì wà lẹ́yìn. Dinah kì í bá a sọ̀rọ̀. Lárààárọ̀, Adétúnbọ̀ máa ń lọ pọnmi ní bọ́hóòlù tó wà lójú títì, yóò gbé kẹ́ẹ̀gì náà sọ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Tíṣà, yóò sì yíjú padà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ni Dinah jáde sí i. Ó ti wọ aṣọ ilé ìwé. Ó dúró lókè àtẹ̀gùn, ó pe orúkọ rẹ̀.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ká ní kànga ilé yín ló wà nísàlẹ̀, tí ṣálángá tiwa sì wà lókè, ṣé o máa dákẹ́?"

Adétúnbọ̀ dúró. Ó lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó lè sọ pé ọmọdé ni òun nígbà náà, tàbí pé bàbá òun ni òun ń bẹ̀rù. Gbogbo rẹ̀ ní díẹ̀ nínú òtítọ́.

"Rárá," ló wí. "Ǹ bá ti pariwo lọ́jọ́ yẹn gan-an."

Dinah mi orí. Ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà wọlé. Adétúnbọ̀ gòkè padà lọ múra ilé ìwé.

Ìlú kò ní ṣàìdàgbà. Àwọn èèyàn á máa ti oko wá, wọ́n á máa ti ìlú ńlá padà, ilé á sì máa pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ kan náà. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ṣe ń sún mọ́ra tó ni ohun tí ẹnì kan ń ṣe ṣe máa ń tètè kan ẹnì kejì, ẹni tó sì ń gbé lókè gbọ́dọ̀ máa rántí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ni yóò pàdánù. Ẹ má dúró títí tí ẹkún ilé ẹlòmíràn yóò fi bá yín sọ ọ́.